Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ẹ̀ka Èkó: ẹ má dúró dè mí níbi òpin eré

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi gbogbo,

Òkun o. Ẹ kú ọdún, ẹ sì kú ìnáwó.

Mo ti rí àǹkárá tí ẹ mú fún eré tí n ó sá ní Èkó ní Fẹ́búárì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní alẹ́ ọjọ́ kejì ọdún, bí mo ṣe jókòó sẹ́yìnkùlé ìyá wa tí mò ń fi àdí ra ojúgun. Aṣọ aláró ni, òdòdó funfun wà lára rẹ̀, ó dára. Ó ní ẹ ti san àsansílẹ̀ bọ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan tí yóò kó ará ilé láti Yàgbà wá sí Èkó, èkejì tí yóò kó àwọn tó ń gbé ní Ìkòròdú. Ó ní onílù wà níbẹ̀. Ó ní alága ti bá oníkánópì sọ̀rọ̀, pé abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo yín yóò jókòó sí ní Eko Atlantic, níbi tí eré ti ń parí, títí n ó fi yọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wá rí báńà. Ó wà ní oríta, níbi tí ọkọ̀ Ìlọrin ti ń já èrò. Ojú mi ló wà lórí rẹ̀, ó tóbi ju ilẹ̀kùn ilé wa lọ, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ wa, ipò kìíní ni tìrẹ." Ewúrẹ́ méjì sùn sábẹ́ àgbọ̀n mi.

Nítorí pé gbangba ni ẹ gbé báńà sí, mo rò ó pé gbangba náà ló yẹ kí èsì mi wà. Bí mo bá kọ ọ́ sí alága nìkan, kí ilẹ̀ tó ṣú yóò ti di "ọmọ yẹn ti ń fẹ̀ jù."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ipò kìíní kúrò nílẹ̀. Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti Èkó, eré kìlómítà 42 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016, eré méjì ló wà nínú ẹyọ kan. Àwọn ará Kenya àti Ethiopia wá, wọ́n ń sá tiwọn níwájú, àwa ọmọ Nàìjíríà ń sá tiwa lẹ́yìn, ẹ̀bùn wa sì yàtọ̀. Láàárín àwa náà, àwọn ọmọ Plateau ló sábà máa ń ṣáájú, nítorí orí òkè ni wọ́n bí wọn sí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni obìnrin kejì nínú ọmọ Nàìjíríà, èmi náà sì ni obìnrin kẹtàdínlógún nínú gbogbo ayé tó wá. Nígbà tí mo délé, ìyá mi bi mí, "Ẹni kejì ni àbí ẹni kẹtàdínlógún?" Mo ní méjèèjì ni. Wọ́n ní, "Ṣé ìgbà méjì náà ni wọ́n sanwó fún ọ?"

Rárá, ìgbà kan ni. Owó yẹn sì ni mo fi ra bàtà. Iṣẹ́ mi ni eré sísá, kì í ṣe fàájì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò ní owó oṣù ni. Kìlómítà 150 ni mò ń sá lọ́sẹ̀ nígbà tí eré bá ti sún mọ́, bàtà tó dára kì í sì í ju kìlómítà 800 lọ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó kú. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bàtà kan. Ẹni tó bá bi mí pé kí ni mò ń fi owó ṣe, ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn án.

Nítorí náà, ipò kìíní lè ṣẹlẹ̀, ó sì lè má ṣẹlẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 54 ni mo sá a dáadáa jù rí, mo sì fẹ́ kí ó dín sí 50 lọ́tẹ̀ yìí. Bí mo bá sá 50, tí ọmọ Plateau kan sá 48, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú burúkú wo ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé gan-an rèé: ẹ má dúró dè mí níbi òpin eré. Ẹ ká kánópì yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ lọ dúró ní Ìkòyí.

Ẹni tí kò sá kìlómítà 42 rí á rò pé ńṣe ni ìyà rẹ̀ ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dópin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ogún kìlómítà àkọ́kọ́ dà bí ẹni ń lọ sọ́jà tí kò ru ẹrù. A máa ń gbéra ní Súrùlérè, lẹ́bàá pápá ìṣeré ńlá, kí oòrùn tó mú, a ó gba ọ̀nà Ìkòròdú, a ó gba Gbàgádà, a ó bọ́ sórí afárá Third Mainland. Gígùn afárá yẹn sún mọ́ kìlómítà 12, a sì máa ń sá púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí òǹwòran níbẹ̀. Ọ̀sà lọ́tùn-ún, ọ̀sà lósì, kọnkéré nísàlẹ̀, oòrùn lókè orí. Ìró bàtà nìkan lèèyàn ń gbọ́, àti èémí ẹni tó wà lẹ́yìn.

Nígbà tí a bá fi máa sọ̀ sí Ìkòyí, epo ti ń tán nínú ara. Ṣúgà kan wà tí ara máa ń kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, òun ni a fi ń sáré kíkan. Kò lè gbé èèyàn dé kìlómítà 42. Tó bá ti lé ní ọgbọ̀n, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ara á wá máa fi ọ̀rá dáná, iná ọ̀rá kì í sì í yára jó. Ìgbà náà ni itan á di òpó. Ìgbà náà ni mo máa ń gbàgbé orúkọ àdúgbò tí mo wà, tí n ó máa ka nọ́ńbà lórí ọkọ̀ tí wọ́n páàkì bí ẹni ń ka Bíbélì. Lọ́dún kan, mo bú sẹ́kún níbẹ̀ láìsí ohun tó dùn mí. Àárín Ìkòyí sí orí afárá tó lọ sí Lekki, ibẹ̀ leré wà. Ibẹ̀ ni mo ti nílò èèyàn.

Ní Eko Atlantic, kò sẹ́ni tó lè ràn mí lọ́wọ́ mọ́. Tí mo bá ti rí ẹnu ọ̀nà, bó jẹ́ pé ìrákòrò ni, n ó wọlé.

Tí ẹ bá wá dé Ìkòyí, ẹ má fún mi lómi. Mo ń sọ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Òfin eré kò gbà kí asáré gba ohun mímu níbikíbi yàtọ̀ sí orí tábìlì tí àwọn aṣètò bá tẹ́, kò sì gbà kí ẹni tí kò sí nínú eré máa sáré tẹ̀ lé wa. Wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n lè lé èèyàn dànù. Bàbá mi kékeré, ẹ má bínú sí mi, ẹ ó ka lẹ́tà yìí, gbogbo ẹgbẹ́ ló kúkú rí i. Ẹ ká agbádá sí èjìká, ẹ fò jáde láàárín èrò, ẹ gbé ìgò mínírà tútù lé mi lọ́wọ́, ẹ sì bá mi sáré tó òpó iná mẹ́rin pẹ̀lú bàtà aláwọ. Òṣìṣẹ́ eré kan nàka sí mi. Ẹ̀rù bà mí, mo ju ìgò náà nù, mínírà dà sínú bàtà ọ̀tún mi. Kìlómítà tó kù, ìbọ̀sẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni tẹ oyin. Mo rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àgbo náà ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìyá kan ti ń se é. Ẹ ṣeun, mi ò lè mu ún. Lábẹ́ òfin tiwa, ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ mi, èmi ni mo ni ín. Kò sí àlàyé pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sè é, pé kò ju jẹ̀dí lásán lọ. Ìdí tí mo fi fara mọ́ òfin líle yẹn ni Sunday Bada, asáré ọmọ Nàìjíríà. Ní Olympics Sydney ní 2000, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jọ sá eré onígi, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sá 400 mítà kó tó fi igi lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, Amẹ́ríkà ṣáájú wọn, wọ́n gba fàdákà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọdún 2012 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ti Nàìjíríà. Bada ti kú ní Disẹ́ńbà 2011. Oṣù méje péré ló kù. Bàbá mi ló sọ ìtàn yẹn fún mi, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n jí nǹkan nínú ilé wa.

Bàbá mi. Ọ̀pọ̀ yín ló jókòó níwájú wọn ní kíláàsì, ẹ mọ jágbajàgba tí wọ́n máa ń fi ẹfun kọ sí pátákó, ẹ mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ìṣírò tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ni pé àwọn ni kóòṣì wa àkọ́kọ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Láago márùn-ún ìdájí, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ Raleigh wọn tẹ̀ lé wa lẹ́yìn lójú ọ̀nà Ìsánlú, tọ́ọ̀ṣì á wà lọ́wọ́ kan, wọ́n á máa fi ọwọ́ kejì tọ́ kẹ̀kẹ́. Wọ́n ti fi okùn wọn àlàfo òpó iná méjì, wọ́n rí mítà 50, wọ́n ní ogún òpó ni kìlómítà kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka eré wa, ní òpó. "Ẹ ku ogójì." "Ẹ ku mẹ́wàá, ẹ má ṣojo." Títí di òní, tí ó bá le, òpó ni mo máa ń kà.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ní aago tó ń gba àmì láti ojú òfuurufú, mo padà sójú ọ̀nà yẹn, mo sá ogún òpó. Aago ní kìlómítà kan àti 90 mítà ni. Àwọn òpó náà kò jìnnà síra bákan náà, òpó méjì tó súnmọ́ra jù ni bàbá mi lọ wọ̀n. Gbogbo ọdún tí a fi rò pé kìlómítà mẹ́wàá là ń sá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mọ́kànlá. Mo fi fóònù pè wọ́n kí n lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé ó pa yín lára?" Mo ní rárá. N kò rántí ọ̀rẹ́ mi nígbà tí mo ń dáhùn.

Ẹ mọ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n kọ ohun tó bá wù mí ṣùgbọ́n kí n má fi orúkọ òun sí i, nítorí àwọn oníbàárà òun á máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Òun ló ń fi òṣùwọ̀n ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lẹ́yìn ilé epo àtijọ́. Nígbà tí a jọ wà nílé ìwé, kò sí eré tí mo fi ṣáájú rẹ̀. Ẹyọ kan báyìí. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́ ojúgbà wa, ẹ wí tòótọ́: ta ni ẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ eré ìdárayá?

Bàtà kan la ní. Bàbá mi ló rà á ní òkìríkà ní ọjà Kàbà, bàtà eré gidi, àwọ̀ ewé, okùn rẹ̀ kan pupa, èkejì funfun. Ẹsẹ̀ wa dọ́gba, nítorí náà bí mo bá wọ̀ ọ́ lónìí, òun ni yóò wọ̀ ọ́ lọ́la, ẹni tí kò bá kàn á wọ kánfáàsì ilé ìwé. Nígbà tí a gbọ́ nípa eré kìlómítà mẹ́wàá tí wọ́n ń sá ní Okpekpe láti ọdún 2013, ní Edo, lórí àwọn òkè tó kọjá Auchi, bàbá mi fún wa lówó ọkọ̀. A gba Kàbà, a gba Òkènè. A sùn sórí bẹ́ǹṣì. A ti fẹnu kò pé a ó ju owó ẹyọ sókè ní àárọ̀, kí a fi mọ ẹni tí yóò wọ bàtà.

Nígbà tí mo jí, ó ti di okùn kánfáàsì rẹ̀ tán. Bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, ó ti fi aṣọ nù ún. Ó ní bàtà yẹn ń há òun.

Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo wọ̀ ọ́.

Ẹ lọ béèrè bí Okpekpe ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó bá sá níbẹ̀. Èèyàn gun òkè, ó rò pé òun ti dé orí rẹ̀, ó yà, òkè mìíràn. Ó fi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ṣáájú mi, pẹ̀lú kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí àkàrà òyìnbó. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé orí báàgì nínú ọkọ̀, ó ní iṣan ló fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sáré lórí ẹsẹ̀ yẹn, òpó lẹ́yìn òpó, tí òpó kọ̀ọ̀kan sì gùn ju bí a ṣe rò lọ. Egungun ojúgun rẹ̀ ti là wẹ́ẹ́rẹ́. Dókítà ní kí ó sinmi oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n àkókò iṣu ni, wọn kì í fi oṣù mẹ́ta sinmi nínú ilé tí ìyá nìkan wà lóko. Ó san. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti sá ju kìlómítà mẹ́rin lọ, ó ń ta á bí ìgbà tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un.

Àwọn àgbà sọ nígbà náà pé ohun tí ń tẹ̀yìn obìnrin tó ń sáré kiri wá nìyẹn. Kì í ṣe ilé wa nìkan ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. Ní Amsterdam ní 1928, àwọn obìnrin sá 800 mítà ní Olympics, àwọn ọkùnrin tó ń darí rẹ̀ ní ó ti pọ̀ jù fún wọn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò títí di 1960. Kìlómítà 42 tèmi yìí, 1984 ni wọ́n tó gbà kí obìnrin sá a níbẹ̀. Àwọn àgbà wa kò mọ ibi tí Amsterdam wà, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò sójú kan.

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ti bàjẹ́ yẹn, gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè mí. Kò ní kí mi tán. "Òkun o. Mélòó?" N ó sọ iye kìlómítà tí mo sá lọ́sẹ̀ náà, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tó ń kọ ọ́ sí ni ìwé gbèsè kajú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí. Lápá òsì, orúkọ àgbẹ̀ àti iye tó ti gbà sílẹ̀; lápá ọ̀tún, 148, 152, 150, 96, ó sì fi bírò pupa yí 96 ká, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé "ibà." Ó mọ ara mi ju kóòṣì tí mò ń sanwó fún lọ.

Jos ni mo ti ń ṣe ìdánrawò báyìí, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ sókè òkun, tí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, tí ẹ̀dọ̀fóró sì ń kọ́ ọgbọ́n. N kì bá má lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìsánlú tí a dàgbà sí yẹn, ta ni yóò jẹ́ kí ọmọbìnrin méjì sáré lórí rẹ̀ láago márùn-ún ìdájí lónìí? Ẹ̀yin náà kì í gbà á ní alẹ́ mọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ sì wà nínú ọkọ̀. Látìgbà tí mo ti wálé fún ọdún, pápá ilé ìwé ni mò ń yí po nínú ọyẹ́, lọ́gọ́ta ìgbà láàárọ̀, pẹ̀lú kòtò tí katakata gbẹ́ sí igun kejì. Mo fo kòtò náà lọ́gọ́ta ìgbà. Owó báńà á dí i.

Ohun tó kù yìí ṣòro fún mi láti kọ.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ọjọ́rú ni bàbá mi kú. Sátidé ni eré. Mo ti wà ní Èkó. Ẹ ṣèpàdé, ẹ sì pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi títí n ó fi sáré tán. Mo mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹni tó wà lórí ìrìn àjò kì í gbọ́ irú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bóyá tó bá jẹ́ èmi náà ni mo jókòó níbi ìpàdé yẹn, n bá gbà.

Ṣùgbọ́n fọ́tò kan wà. Ẹ ti rí i, ẹ̀yin lẹ fi í ránṣẹ́ kiri. Èmi ni mo wà láàárín, ìlà òpin ṣì wà lẹ́yìn mi, ẹ fi àsíá yí mi lọ́rùn, onílù ń lù, ogún èèyàn ó lé, gbogbo eyín ló wà níta. Nínú gbogbo ojú tó wà nínú fọ́tò yẹn, èmi nìkan ni n kò mọ̀ pé bàbá mi ti kú. Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lápá òsì. Gèlè ló fi bo ojú. Mo rò pé oòrùn ni. Ọjọ́ Àìkú ni ẹ tó sọ fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi pè mí ní Ọjọ́bọ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìpè rẹ̀. Kò béèrè mélòó. Ó dákẹ́ títí, mo ń pariwo "hẹ́lò, hẹ́lò," mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ẹ̀yin bàbá mi kékeré, ó tó ọdún kan kí n tó lóye mínírà yẹn. Ọjọ́ kẹta ikú ẹ̀gbọ́n yín ni. Ẹ rí ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀, tí kò mọ̀, ẹ kò sì lè dúró sójú kan. Omi tó ń ṣàn lójú yín, mo rò pé òógùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi mọ́ lórí ìgò yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí náà, ẹ dúró níbi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ náà. Ẹ kàn má gbé nǹkan dání.

Ní ọdún tó kọjá, n kò lè sá a. Èmi àti kóòṣì sọ pé orúnkún ni. Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan. Níbi òpin eré yẹn, n kò fẹ́ rí ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, kí n máa wo ẹ̀yìn eyín bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ní kí ẹ ká kánópì. Ẹ sì ṣe èyí fún mi: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé láti òní títí di ọjọ́ eré, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru, ẹ pè mí. N ó mọ èyí tí n ó ṣe.

Ti bọ́ọ̀sì ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, kí ó lè na ẹsẹ̀. Kajú ti ń tanná báyìí. Nígbà eré ní Fẹ́búárì, èso àkọ́kọ́ á ti máa wọlé, tí kò bá sì sí nídìí òṣùwọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn àgbẹ̀ á ru tiwọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo ti bá àbúrò rẹ̀ sọ ọ́, yóò dúró dè é, ṣùgbọ́n kò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ láti fi rán aṣọ tèmi, ẹ fún un. N kò nílò aṣọ, nọ́ńbà ni wọn yóò so mọ́ mi láyà.

Kí bọ́ọ̀sì kúrò nílé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó má ṣe rin òru rárá. Ní Sátidé, kí ẹ ti wà ní Ìkòyí kí aago mẹ́jọ tó lù, nítorí wọn yóò ti dí ọ̀nà. Kí onílù wá, mo fẹ́ onílù. Kí ọ̀rẹ́ mi dúró síwájú gbogbo yín, níbi tí òpó iná bá wà. Ó ti mọ ohun tí yóò sọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo fi àwòrán àǹkárá hàn án lánàá, ó yí fóònù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní òun kò ní wọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tó bá ti sá kìlómítà 34, ojú rẹ̀ kì í rí aláró mọ́, yóò dà bí ọ̀sà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Aṣọ òkè pupa ìyá rẹ̀ ló fẹ́ ró wá. Ẹ má bá a jà.

Ọmọ yín,
láti ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, Yàgbà